Ẹdun Méjì Lórí Kúbùsù Kíláàsì Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dúró de ọkọ̀ ní Kútọ̀. Oòrùn mú, ni mo bá yà sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu wà lọ́wọ́ rẹ̀, òwú wúlù aláwọ̀ ewé wà lórí itan rẹ̀, ó ń hun fìlà. Fìlà náà ní ojú ràgàjì méjì lókè, àfi bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó rò pé n kò rí irú ẹ̀ rí ni. Ó ní, "Mọ́mì, kíróṣé ni wọ́n ń pè é. Òun ló wà lóde báyìí. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Ṣé kí n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Họ̀wù! Èmi? Èmi tí mo ti ń fi ìkọ́ fa òwú nígbà tí ìyá tó bí i ṣì ń rákòrò? Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n àgbà kì í dójú ti ọmọ ọlọ́mọ, mo ní kó kọ́ mi. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo jẹ́ kó kọ́ mi ní ohun tí mo lè di ojú ṣe, mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan kí inú rẹ̀ lè dùn. Òórùn wúlù tuntun tó dà pọ̀ mọ́ ti káńfọ̀ ló wá gba imú mi. Ọkọ̀ tí mo ń dúró dè dé, ó kún, ó lọ, n kò bìkítà. Ọkàn mi ti padà sí kíláàsì karùn-ún, ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ní ọdún tí àwa ọmọ kíláàsì kan hun odindi kúbùsù, tí ọ̀rọ̀ ẹdun méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi kí n rò fún yín.

Ìtòkú ni agboolé wa wà, nítòsí ọjà. Agboolé oníṣòwò ni, mùsùlùmí sì ni wá láti ìran dé ìran. Tí wọ́n bá ti pe ìrun àárọ̀, kò sí ẹni tó tún rí oorun sùn mọ́. Bí ẹnì kan ṣe ń ṣe àlùwàlá ni ẹlòmíràn ń di ẹrù ọjà. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ń gbé. Ìyá Olówùú ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n, torí òwú ni wọ́n ń tà: òwú ìránṣọ, òwú wúlù, bọ́tìnnì, síìpù, abẹ́rẹ́ lóríṣiríṣi. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ti fi wúrà sí eyín kan níwájú. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, ẹ ó rò pé ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí yín lójú ni. Ẹ má wá rò pé torí pé mo jẹ́ ọmọ ọmọ olówùú, òwú ni mo fi ń ṣeré. Láéláé! Èyí tó bá dára, ti oníbàárà ni. Èyí tí oòrùn bá ti jẹ àwọ̀ rẹ̀, tí eku bá ti tọ́ wò, òun ni ti ọmọ ilé.

Anti Ìbídùn ló ń kọ́ wa nílé ìwé. Wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í na ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ gíláàsì ojú wọn, tí wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún, kí oníkálukú yáa jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Tọ́sìdeè la máa ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ní táàmù àkọ́kọ́ ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n sọ fún wa pé ní ọyẹ́ tó kọjá, àwọn lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn nílé ìwòsàn, àwọn sì rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé ìró ìyá wọn ni wọ́n fi ń bora, tí eyín wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní kí ọyẹ́ míì tó dé, kíláàsì wa gbọ́dọ̀ hun kúbùsù kan, kí á gbé e lọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run.

Ìkọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ojúlówó tó wà ní kíláàsì kò ju márùn-ún lọ. Àwọn ọmọkùnrin wá lọ bá ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n tọrọ àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú àgbá kẹ̀kẹ́, wọ́n fi òkúta pọ́n orí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kó lè fa òwú. Òkúta kò kúkú wọ́n l'Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn ọmọkùnrin náà hun ún. Àwọn kan kọ́kọ́ ń ṣe kùn-ùn pé iṣẹ́ obìnrin ni, Anti Ìbídùn wá bi wọ́n pé ṣé àwọn bàbá wọn tó ń rán fìlà kì í ṣe ọkùnrin ni. Ni wọ́n bá mú ìkọ́.

Méjìdínláàádọ́ta ni wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò hun ègé onígun mẹ́rin kan, tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, yóò hun orí ẹranko kan, yóò rán an mọ́ àárín ègé náà. Anti yóò wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlà mẹ́fà, ègé mẹ́jọ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti yà á sínú bébà ńlá kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ẹranko kan kò gbọdọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọmọ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí kò lè jáde lọ ṣeré, ó yẹ kó máa rí ohun tuntun níbikíbi tí ojú rẹ̀ bá bà lé.

Ọjọ́ tí a yan ẹranko, ariwo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Ọmọ mẹ́sàn-án ló fẹ́ hun kìnìún. Ọmọkùnrin kan tó ya ọ̀lẹ ní ìgbín lòun fẹ́, torí ó rò pé òun kàn máa lọ́ òwú pọ̀ ni, ó sì tán. Òmíràn ní òun á hun eṣinṣin. Anti wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ kí eṣinṣin bà lé ọmọ òun nílé ìwòsàn?" Sámúẹ́lì tó jókòó lẹ́yìn mi mú ẹlẹ́dẹ̀. Èmi mú àgbò, torí pé Iléyá kò pẹ́ tó kọjá, ojú àgbò wa ṣì wà lọ́kàn mi. Ó wá kan Táíwò, ọ̀rẹ́ mi. Ó dìde, ó ní, "Ẹdun, mà."

Ẹdun ni ọ̀bọ dúdú onírù gígùn yẹn, èyí tí irun funfun yí lójú ká. Òun náà la fi ń ki àwọn ìbejì. Ìbejì sì ni Táíwò. Abúlé kan lọ́nà Kọ́bapẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko; ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta èédú lẹ́yìnkùlé wa ló ń gbé kó lè máa lọ sí ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ a máa hun apẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti jogún ọwọ́ yẹn. Ìkọ́ ọparun tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ fún un dán ju gbogbo wáyà kẹ̀kẹ́ wa lọ. Òrìṣà ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Gbogbo agboolé wa ló mọ̀, a kì í kàn án sọ sókè ni, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtira èédú.

Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, ti lọ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Nílé wọn, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ sí ọjà. Wọ́n gbẹ́ ère kékeré kan fún un, ìyá wọn a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì rà fún Táíwò, méjì ni: bàtà méjì, ìlẹ̀kẹ̀ méjì, ìró méjì. Mo ti bá Táíwò jẹun nígbà kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fún un ní ẹyin kan ṣoṣo. Ọmọ náà gé e sí méjì, ó jẹ ìdajì, ó gbé ìdajì sílẹ̀. Èmi ọ̀kánjúwà tí mo rò pé tèmi ni, mo na ọwọ́. Ó gbá mi lọ́wọ́ pàà.

Bí a ṣe ń darí bọ̀ wálé lọ́jọ́ tí a yan ẹranko, Táíwò ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta níwájú mi. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, ó ní, "Tèmi nìkan kò lè lọ sórí kúbùsù yẹn. Bí wọ́n bá gbé tèmi síbẹ̀, ibo ni ti Kẹ́hìndé wà?" Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ìyá òun pé àwọn méjèèjì làwọn ń hun ún, ìyá òun sì ń bọ̀ láti oko wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wọn lọ́jọ́ àfihàn, tí gbogbo òbí máa wá wo kúbùsù náà nílé ìwé. Òwú dúdú àti funfun tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ rà fún un kò tó hun ju ẹdun kan lọ.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Ìyá Olówùú lọ lẹ́yìn ìrun alásàrí. Ẹ̀rù ń bà mí, torí àwọn àgbà ilé wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ère. Wọ́n ń ka tẹ̀súbà lọ́wọ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá bí ìbejì, ẹ wá ní kí ọmọ hun ẹyọ kan? Ẹni tó ra nǹkan fún ìbejì kan, kò tíì rà á." Ni wọ́n bá dìde, wọ́n mú òwú dúdú kan àti funfun kan nínú páálí tuntun, èyí tí wọn kò tíì tú sórí àtẹ, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́ fún Táíwò.

Inú mi dùn, inú sì bí mi. Èmi ọmọ ọmọ wọn, ẹ mọ ohun tí wọ́n fún mi? Wúlù pínńkì tí oòrùn ti jẹ títí tó fi ń rí bí etí ọmọ tuntun. Mo ní, "Màámà, àgbò ni mo fẹ́ hun. Àgbò kì í ṣe pínńkì." Wọ́n ní kí n lọ bi àgbò bóyá ó kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi hun àgbò yẹn. Mo hun orí rẹ̀ rogodo. Mo hun imú rẹ̀ róbótó, mo fi òwú dúdú ṣe ihò méjì sí i. Ìwo tí mo rò pé yóò lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìwo àgbò gidi, ńṣe ló wó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Mo gbé e dání, mo wò ó, ó wù mí. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Mo gbé e lọ fún Ìyá Olówùú níbi tí wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń retí ìyìn.

Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e sún mọ́ ọn. Wọ́n gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. "Àsítàgafúrúlàhì! Ta ló gbé ẹlẹ́dẹ̀ wọlé mi?"

Mo ní, "Màámà, àgbò Iléyá ni!"

"Àgbò wo? Àgbò tí imú rẹ̀ rí bí ìdérí ìgò?" Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n ké sí mi pé kí n bu omi wá, wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni pé òwú lè ba àlùwàlá jẹ́. Gbogbo agboolé ti pé lé wa lórí. Àbúrò bàbá mi ní bí a bá pa èyí lọ́jọ́ Iléyá, kò sí aládùúgbò tó máa bá wa jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn, èmi náà ń sunkún títí omi fi ń jáde lójú mi. Ìyá Olówùú ní kí n tú u. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni a máa kó iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí àyè àtihun òmíràn. Wọ́n gbà pé kó wà, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé kò ní wọ yàrá. Ojú fèrèsé níta ni àgbò mi sùn.

Ní ọjọ́ kejì, Anti Ìbídùn ń pe wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé tèmi kalẹ̀, kíláàsì ya sẹ́rìn-ín. Anti wo ìwé wọn, wọ́n ní, "Ṣebí Sámúẹ́lì ló mú ẹlẹ́dẹ̀?" Sámúẹ́lì gbé tirẹ̀ wá. Kí n má parọ́ fún yín, ẹlẹ́dẹ̀ Sámúẹ́lì jọ àgbò ju àgbò mi lọ. Anti fi ìwé bo ẹnu, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, wọ́n kọ "àgbò" síwájú orúkọ mi.

Ó kan Táíwò. Ó tẹ́ ẹdun méjì sórí tábìlì. Irun funfun yí ojú dúdú wọn ká fínnífínní, ó ti fi bọ́tìnnì kéékèèké ṣe ojú wọn, méjèèjì ń wo ẹni bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Anti rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ìwé wọn.

"Èwo ni tìrẹ nínú méjèèjì?"

"Ọ̀kan ni tèmi, ọ̀kan ni ti Kẹ́hìndé, mà."

Anti mọ àṣà ìbejì, ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Ẹ̀gbá? Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé ìwé lèyí, orúkọ Kẹ́hìndé kò sí nínú rẹ́jísítà. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀ fún àwọn tó fẹ́ kìnìún, bí àwọn bá wá gba ẹdun méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, àwọn ọmọ yòókù á ní àwọn ń ṣe ojúsàájú. Wọ́n ní kí Táíwò mú ọ̀kan kúrò. Táíwò kúnlẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, tí ẹ bá máa yọ ọ̀kan, ẹ yọ méjèèjì." Anti yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

N kò mọ ohun tó kó sí mi lórí. Mo dìde, mo ní, "Anti, ẹ yọ tèmi, mà. Ẹ fi àyè mi fún Kẹ́hìndé." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ. Anti ní bí àwọn bá yọ tèmi, ẹdun ṣì jẹ́ méjì síbẹ̀, kí n jókòó. Wọ́n fún Táíwò di ọjọ́ kejì kó fi mú èyí tó bá fẹ́: ẹdun kan lórí kúbùsù, tàbí kó má sí rárá.

Táíwò sáré ṣáájú mi délé. Ó lọ jókòó sórí àpò èédú lẹ́yìnkùlé, ìgbà yẹn ló wá sunkún, ó ń fi ọwọ́ èédú nu ojú, ojú rẹ̀ wá dúdú bí ti ẹdun náà gan-an. Ó ní òun máa ránṣẹ́ sí ìyá òun kí wọ́n má wá mọ́. "Wọ́n ti sọ fún gbogbo abúlé pé iṣẹ́ àwa méjèèjì ni wọ́n ń lọ wò. Kí ni wọ́n máa padà lọ sọ?" Mo fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo bú sẹ́kún. Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Olówùú.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí Ìyá Olówùú gba ibòmíràn lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó dé ìsọ̀ wọn. Ní ọjọ́ yẹn, ilé ìwé wa ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ. Wọ́n da ìborùn funfun bo èjìká, wọ́n mú agbòòrùn dání, wọ́n wọlé láìkanlẹ̀kùn. Anti Ìbídùn kúnlẹ̀ kí wọn.

"Tíṣà, o kú iṣẹ́. O kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á fún ọ ní tìrẹ."

"Àmín, mà."

"Mo gbọ́ pé òfin wà. Mo fẹ́ràn òfin, oníṣòwò ni mí. O ní ẹran kan kò gbọdọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú, mà, tí mo bá gbà fún ọ̀kan..."

"N kò bínú. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi ọ́. Ìyá Táíwò, oyún mélòó ló fi bí àwọn ọmọ yìí?"

Anti ní, "Ọ̀kan ni, mà."

"Ó tán. Oyún kan, ẹran kan. Bó ṣe wá sáyé ló ṣe wá sórí tábìlì rẹ. Ta ló rú òfin?"

Anti Ìbídùn wo Táíwò, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wá ní, "Màámà, mo gbà. Ṣùgbọ́n àyè ńkọ́? Ìlà mẹ́fà, mẹ́jọ-mẹ́jọ, ni mo yà. Ọ̀kan tó lé yẹn yóò kàn yọ síta bí ahọ́n ni."

Ìyá Olówùú ní kí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń to àwọn ègé náà bí wọ́n ṣe ń to wúlù sórí àtẹ wọn lọ́jà, méje nínú ìlà kan, méje nínú ìkejì, wọ́n ń tò ó lọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n tò ó dé ìlà keje, kò ṣẹ́ kù, kò sì dín. Anti kà á, wọ́n tún un kà. Mọ́kàndínláàádọ́ta. Anti tí wọ́n fi odidi táàmù kan mú wa ka méje lọ́nà méje láràárọ̀! Wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní, "Màámà, ẹ wá gba kíláàsì yìí lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí wọ́n ń tò ó, wọ́n kan tèmi. Wọ́n fi ṣóńṣó ìka méjì gbé e sókè. "Tíṣà, ìwọ náà gbà pé àgbò lèyí?" Anti ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu wọn, gíláàsì ojú wọn já bọ́ sórí ẹní. Ìyá Olówùú gbé àgbò mi sí igun ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní ibi ẹsẹ̀ ni kó wà, kò gbọdọ̀ sún mọ́ orí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹdun méjèèjì ni wọ́n fi sí àárín, wọ́n fara kan ara wọn.

Ọyẹ́ ti dé dáadáa lọ́jọ́ àfihàn. Ètè gbogbo wa funfun, ẹsẹ̀ wa funfun, ìpara kò ràn án. Wọ́n fi okùn ta kúbùsù náà sáàárín igi fúrúùtù méjì tó wà níwájú kíláàsì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń mì. Ẹ ò bá rí i, ẹ̀yin ọmọ! Pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ tí kò lórúkọ. Erin tó ní etí kan torí pé òwú tán, ìgbín ọmọ ọ̀lẹ yẹn tó wá jẹ́ pé òun ló rẹwà jù. Àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ńṣì, ti ṣọ́ọ̀ṣì lápá kan, ti mọ́ṣáláṣí lápá kan. Kò sí ẹni tó pín wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó.

Ìgbà náà ni ìyá Táíwò dé. Obìnrin kúkúrú ni, eruku ọ̀nà Kọ́bapẹ́ ti kun aṣọ rẹ̀. Ó so ère Kẹ́hìndé mọ́ ìbàdí, orí ère náà yọ lókè ìró. Àwọn kan gbójú kúrò. Kò mọ ibi tó máa jókòó sí, ó dúró sídìí igi, ó ń ki gbogbo ènìyàn. Ìyá Olówùú na agbòòrùn sí i láti àárín àwọn Alhaja ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ìyá ìbejì! Jókòó tì mí níbí." Wọ́n sún, àwọn Alhaja yòókù náà sì sún, bí wọ́n tilẹ̀ ń wo ara wọn. Ó jókòó.

Anti Ìbídùn mú ìwé orúkọ. Bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ kan, ọmọ náà á dìde, á ní "Mo wà níbí, mà," á na ìka sí ẹranko rẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe Táíwò. Ó dìde, ó ní òun wà níbí, ó na ìka. A pàtẹ́wọ́. Kò tíì jókòó tán nígbà tí Anti wo ìwé, tí wọ́n pe orúkọ tó tẹ̀ lé e.

"Kẹ́hìndé."

Ẹnu ya gbogbo wa. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Táíwò wò mí, mo wò ó. Ìyá rẹ̀ dìde láàárín àwọn Alhaja, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ère tó wà níbàdí rẹ̀ mú. Gbogbo wa ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ó wà níbí, mà."

Mo ti gbọ́ àtẹ́wọ́ lọ́pọ̀ ibi láyé mi, n kò tíì gbọ́ irú ìyẹn. Apá ṣọ́ọ̀ṣì pa á, apá mọ́ṣáláṣí pa á, Ìyá Olówùú ń fi agbòòrùn gbá ilẹ̀ torí àtẹ́wọ́ kò tó wọn. Ìyá Táíwò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Inú mi dùn débi pé nígbà tí wọ́n pe èmi náà, n kò gbọ́. Gbogbo kíláàsì ló dáhùn fún mi lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹlẹ́dẹ̀!"

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Anti gbé kúbùsù náà lọ sílé ìwòsàn. A kò mọ ọmọ tí wọ́n dà á bò, a kò sì mọ iye ọyẹ́ tó fi wúlò. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí àgbàlagbà kan wà níbì kan ní Papalanto tàbí níbòmíràn, tó rántí pé nígbà tí òun ṣàìsàn ní kékeré, ẹlẹ́dẹ̀ kan ń bo òun lẹ́sẹ̀.

Ìyá Olówùú ti lọ, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n. Ibi tí ìsọ̀ wọn wà, fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Anti Ìbídùn fẹ̀yìn tì, wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Kúbùsù wà lọ́jà báyìí, ó fẹ́lẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀rọ ló ṣe é, kò sì burú. Ọmọ tí òtútù ń mú kò ní bi yín pé ọwọ́ ta ló hun ún. Àwọn tó ń gbẹ́ ère fún ìbejì náà kò pọ̀ mọ́. Àwọn kan ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ti dé. Èmi náà ti lọ sí Mẹ́kà, mo mọ ohun tí ẹ̀sìn mi wí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí lójú ìyá yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Kò tíì sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó ìyẹn títí dòní.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn kúbùsù náà ni Táíwò lọ sílé ọkọ. Mo jókòó, mo hun ìborùn fún un, wúlù tuntun ni mo rà o, kì í ṣe àjẹkù oòrùn. Mo gbé e lọ sí abúlé wọn lọ́jọ́ ìyàwó. Bí mo ṣe tú u jáde nínú àpò, àwọn obìnrin tó wà nínú yàrá rí i pé méjì ni, méjèèjì dọ́gba. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó ẹyọ kan la ní o." Táíwò mú ọ̀kan, ó fi bo èjìká. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti ibi tó jókòó sí, ó gba ìkejì lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé àyà, kò bi mí pé ta ló ni ín.